Ilẹ̀ àti ilé: ohun tó ń lé ọmọ Áyálándì lọ sí ìdálẹ̀ láti 1845 títí di òní

Láàárín April 2023 sí April 2024, èèyàn 69,900 ló kó kúrò ní Áyálándì. Láti 2015, kò tún sí ọdún tí iye tó bẹ́ẹ̀ jáde. Ọmọ ìbílẹ̀ gan-an jẹ́ 34,700 nínú wọn. Ọsirélíà nìkan gba 10,600, iye tó ju ìlọ́po méjì àwọn tó lọ síbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ yìí, tíṣà, dókítà, oníṣẹ́ iná, káfíńtà, àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tí owó oṣù sì ń wọlé fún.

Lọ́dún kan náà, èèyàn 149,200 ló wọlé: àwọn ará Ukraine tó sá fógun, àwọn ará Íńdíà àti Bùràsílì tó wá ṣiṣẹ́, àti ọmọ Áyálándì tó ń padà bọ̀ láti àjò. Inú ń bí àwọn kan sí èyí. Ní November 2023, wọ́n gún àwọn ọmọdé lọ́bẹ níwájú ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dublin. Ariwo gba ìlú pé àjèjì ló ṣe é, ni àwọn jàǹdùkú bá ya bo ìgboro, wọ́n dáná sun bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí àwọn olùwọ́de ti ń kọ sára pátákó láti bí ọdún mélòó kan ni pé Áyálándì ti kún.

Áyálándì tí wọ́n ní ó kún yìí, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ń gbé orí erékùṣù náà lọ́dún 1841. Lónìí, tí a bá ka ti àríwá tó wà lábẹ́ Bìrìtéènì mọ́ ọn, mílíọ̀nù méje àti díẹ̀ ni wọ́n. Ó ti lé ní 180 ọdún, àyè àwọn tó kú àti àwọn tó lọ ò tíì dí tán.

Mo ń kọ àlàyé yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹbí ní Dublin, ní Balbriggan tàbí ní Galway, tí wọ́n sì ń gbọ́ ariwo yẹn létí wọn lójoojúmọ́. Ohun tí mo rí nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà ni pé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde rẹpẹtẹ, tí èèyàn bá walẹ̀ díẹ̀, yóò bá ìbéèrè kan nísàlẹ̀: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni ilé? Àjèjì tó wá lẹ́yìn ni wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ìṣákọ́lẹ̀ àti pòtétò

Kí ìyàn ńlá tó dé, ilẹ̀ Áyálándì ò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń ro ó. Ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún ti gba èyí tó pọ̀ jù fún ìdílé díẹ̀. Pùrótẹ́sítáǹtì ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbé níbẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jókòó sí tí aṣojú ń bá wọn gba ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ ọmọ ìjọ Àgùdà a gbin ọkà, a sin ẹlẹ́dẹ̀, a sì tà wọ́n kó lè rí owó ilẹ̀ san. Ohun tí òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ ń jẹ ni pòtétò, èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà wa ń pè ní Áíríìṣì, torí pé ilẹ̀ bíńtín tí a gbin pòtétò sí lè bọ́ odindi ìdílé. Àgbàlagbà ọkùnrin kan lè jẹ tó kílò márùn-ún lóòjọ́, kó fi wàrà díẹ̀ sìn ín. Ó parí nìyẹn.

Ní September 1845, àrùn kan wọlé tó ń sọ ewé pòtétò di dúdú, tó sì ń mú kí iṣu rẹ̀ jẹrà nínú ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1846, ó ti ba oko jẹ́ káàkiri gbogbo ilẹ̀ náà.

Oúnjẹ wà nílẹ̀ o. Èyí ló máa ń dùn mí jù nínú ìtàn náà. Ní gbogbo ọdún ìyàn yẹn, ọkà àti màlúù ń gba èbúté lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí pé ìṣákọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Charles Trevelyan, òṣìṣẹ́ àgbà tó ń bójú tó àpò ìṣúra ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé bí ìjọba bá ń fún èèyàn lóúnjẹ jù, yóò ba ọjà jẹ́, yóò sì sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Nígbà ooru 1847, wọ́n dá ilé ọbẹ̀ sílẹ̀ tó ń bọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn lóòjọ́, ó sì gbéṣẹ́. Wọ́n tì í pa kí ọdún tó parí. Òfin kan tún jáde lọ́dún yẹn kan náà pé ẹni tí ilẹ̀ tó ń ro bá ti ju ìdámẹ́rin éékà lọ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́. Kí ẹni tébi ń pa tó rí oúnjẹ gbà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ̀wọ́ oko. Ọ̀pọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn onílẹ̀ sì wó ahéré wọn kí wọ́n má bàa padà síbẹ̀. Láàárín 1845 sí 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kú, àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì kó kúrò.

Wọn ò fúnra wọn pinnu láti lọ nígbà míì. Denis Mahon, onílẹ̀ kan ní Strokestown ní agbègbè Roscommon, ṣírò rẹ̀, ó rí i pé owó ọkọ̀ dé Kánádà kéré sí owó tí òun máa fi bọ́ àwọn ará oko òun ní ilé àwọn tálákà. Lọ́dún 1847, ó kó nǹkan bí 1,490 nínú wọn jáde. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Dublin, ìrìn tó lé ní 160 kìlómítà, wọ́n wọkọ̀ dé Liverpool, wọ́n sì tibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Quebec. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, Virginius, gbé èrò 476. Àwọn 158 ti kú kó tó gúnlẹ̀. Ní November ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn pa Mahon lójú ọ̀nà nígbà tó ń lọ sílé.

Irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ pósí. Grosse Île, erékùṣù tí ìjọba Kánádà ti ń yẹ àwọn tó ń bọ̀ wò, gba òkú tó lé ní 5,000 lọ́dún 1847 nìkan, ibà ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ọmọ òrukàn tó ṣẹ́kù, ìdílé àwọn tó ń sọ Faransé ní Quebec gbà wọ́n tọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn máa jẹ́ orúkọ ìdílé tí wọ́n bí wọn sí. Kò sí ẹni tó fipá mú àwọn èèyàn yẹn ṣe é. Ibi tí mo bá dé nínú ìtàn yìí, mo máa ń rántí wọn.

Ìyàn parí, ìjáde ò parí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyàn nìkan ló kó wọn lọ. Ìyàn ló la ọ̀nà. Àṣà ogún jíjẹ ni kò jẹ́ kí koríko hù lójú ọ̀nà náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Tẹ́lẹ̀, bàbá máa ń pín ilẹ̀ fún gbogbo ọmọkùnrin, títí ìpín kọ̀ọ̀kan fi kéré débi pé pòtétò nìkan ló lè bọ́ èèyàn lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyàn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ń jogún oko lódindi. Ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin kan rí owó gbà tí yóò fi wọ ilé ọkọ, torí níbẹ̀, ìdílé ìyàwó ló ń gbé owó kalẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù, ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀.

Láàárín 1848 sí 1950, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn ló jáde ní Áyálándì, mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ nínú wọn sì gba èbúté Cobh ní agbègbè Cork, tí wọ́n ń pè ní Queenstown nígbà náà. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, àwọn ará àdúgbò á péjọ sílé ọmọ tó ń lọ, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á jó, àwọn ìyá àgbà á sì sun ẹkún tí wọ́n ń sun fún òkú. Àìsùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sìn ín dé oríta, wọ́n á padà. Àwa máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn wọ̀nyí ò relé mọ́ láéláé, àwọn òbí wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jó.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà á dé. Wọ́n á gbé e fún ẹni tó mọ̀wé kó kà á sókè. Owó máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti san owó rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ fún àbúrò tó kàn. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fa àbúrò, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ń fa ọmọ ìyá ìyàwó rẹ̀, abúlé kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kó lọ sí àdúgbò kan ní Boston. Annie Moore, ọmọbìnrin láti Cork, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹnu ọ̀nà Ellis Island ní New York lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ kìíní oṣù January 1892. Ó mú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì dání, wọ́n ń lọ bá àwọn òbí wọn tó ti ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin yìí ṣe pàtàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà náà, ọkùnrin ló pọ̀ jù. Ní ti Áyálándì, obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, púpọ̀ nínú wọn ò sì tíì lọ́kọ, àwọn nìkan ni wọ́n dá rìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé àwọn olówó ní New York àti Boston, wọ́n ń gbé nínú ilé ọ̀gá wọn, wọn ò san háyà, wọn ò ra oúnjẹ, ìyẹn ni wọ́n fi rí owó kó jọ. Lọ́dún 1850, àwọn ọmọ Áyálándì dá báńkì àwọn àtìpó sílẹ̀ ní New York, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yìí sì wà lára àwọn tó ń tọ́jú owó síbẹ̀. Owó wọn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn, òun ló san ìṣákọ́lẹ̀ sílé, òun ló gbé àwọn arákùnrin wọn wá.

Bí Amẹ́ríkà ṣe gbà wọ́n

Ojú burúkú ni wọ́n fi gbà wọ́n. Kí ìyàn tó dé rárá, lọ́dún 1834, àwọn èèyànkéèyàn ti dáná sun ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní Charlestown, lẹ́bàá Boston. Lọ́dún 1844, ìjà gba ìgboro Philadelphia, wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, ẹgbẹ́ òṣèlú kan dìde tí wọ́n ń pè ní Know-Nothing, tó ń ja láti má ṣe jẹ́ kí àtìpó àti ọmọ ìjọ Àgùdà dé ipò. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n dọ̀tí, wọ́n ń mutí, wọ́n ń bímọ jù, Póòpù ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní Dublin báyìí, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ó yẹ ká sọ apá kejì náà. Ní July 1863, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba ń fipá mú ọkùnrin wọṣẹ́ ológun, ẹni tó bá sì lè san 300 dọ́là lè yọ ara rẹ̀. Tálákà Áyálándì ò rí 300 dọ́là. Wọ́n ya sígboro New York, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ ni wọ́n doríjà kọ. Wọ́n so wọ́n rọ̀ sórí òpó iná, wọ́n sì dáná sun ilé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kò ní òbí ní Fifth Avenue. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn ní ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú náà ló ń lé ẹlòmíì. Mi ò gbà pé ìyà máa ń kọ́ èèyàn láàánú fúnra rẹ̀. Ìtàn yìí ò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ohun tó gbé wọn dìde ni pé wọ́n kó ara wọn jọ. Ìjọ Àgùdà kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn fún wọn. Ní New York, bíṣọ́ọ̀bù àgbà John Hughes, tí wọ́n bí ní agbègbè Tyrone, ló fi ìpìlẹ̀ kàtídírà St Patrick lélẹ̀ lọ́dún 1858. Ẹgbẹ́ òṣèlú Tammany Hall ń gba ìbò wọn, ó sì ń san án padà fún wọn: iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ panápaná, èédú nígbà òtútù. Ìwà ìbàjẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, òun ni ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí opó Áyálándì lè wọ̀ tí wọ́n á béèrè ohun tó fẹ́. Lọ́dún 1880, wọ́n dìbò yan William R. Grace sípò olórí ìlú New York, ọmọ ìjọ Àgùdà àkọ́kọ́ tó débẹ̀, Áyálándì ni wọ́n sì bí i sí. Lọ́dún 1960, wọ́n dìbò yan John F. Kennedy, tí baba ńlá rẹ̀ kúrò ní Wexford nígbà ìyàn, sípò ààrẹ. Ó gbà wọ́n ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Lébìrà ní Cricklewood

Nígbà tí Áyálándì gba òmìnira lọ́dún 1922, wọ́n retí pé ìjáde á dín kù. Kò dín kù. Nǹkan bí 400,000 ló lọ láàárín ọdún 1950 sí 1960 nìkan, ìlú Ọba sì ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé. Nígbà ìkànìyàn 1961, èèyàn tó kù ní orílẹ̀-èdè olómìnira náà jẹ́ mílíọ̀nù 2.8, iye tó kéré jù lọ nínú ìtàn rẹ̀. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dún Laoghaire lálẹ́, wọ́n á gúnlẹ̀ sí Holyhead, rélùwéè á gbé wọn dé Euston ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀.

Obìnrin púpọ̀ lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn ìjọba Bìrìtéènì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nílò wọn gan-an, wọ́n fún wọn ní ibùgbé àti ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń sá fún ohun tí wọn ò lè sọ nílé: oyún láìlọ́kọ, tàbí òfin tó ní kí obìnrin fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tó bá ti ṣègbéyàwó. Òfin yẹn wà títí di 1973.

Ọkùnrin gba sáìtì lọ. Ní Camden Town àti Cricklewood ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á ti dúró sójú títì ní ìdájí, ọkọ̀ fáànù á dé, ẹni tó wá gba lébìrà á nawọ́ sí ẹni tó wù ú. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n kọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ ihò rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún púpọ̀ nínú wọn, láìsí owó orí, láìsí owó ìfẹ̀yìntì, àwọn tí wọ́n fún ní sọ́wèdowó sì ń gba owó rẹ̀ nínú ilé ọtí, níbi tí ẹni tí kò bá mutí ò ti ní rí sọ́wèdowó rẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n fi di àgbà, tí ẹ̀yìn ti ń ro wọ́n, wọ́n bá a pé orúkọ wọn ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àwọn olùwádìí tó yẹ ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní Áyálándì ló ń wọlé jù nínú gbogbo àtìpó. Àwọn kan nínú wọn ò kọ̀wé sílé mọ́ fún ogún ọdún, ojú ń tì wọ́n pé kò sí nǹkan tí wọ́n lè kó délé.

Síbẹ̀, owó lọ sílé. Owó tí àwọn ará ìdálẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́dún 1961 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ìjọba Áyálándì ná lórí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama lọ́dún náà. Àwọn lébìrà Cricklewood wà lára àwọn tó gbé orílẹ̀-èdè yẹn ró, ó sì di 2002 kí ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ tó sọ gbangba pé ó yẹ kí wọ́n máa ná owó sórí ìtọ́jú wọn. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ti kú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1950 sí 1970 mọ irú ìyà yìí, torí pé ìwé tí àwọn onílé kan ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú sínú yàrá háyà máa ń dárúkọ ọmọ Áyálándì mọ́ ọn. Lọ́dún 1974, ó tún le sí i. Bọ́ǹbù tí wọ́n ní IRA, ẹgbẹ́ ajàjàgbara Áyálándì, ló gbé kalẹ̀ pa èèyàn 21 nínú ilé ọtí ní Birmingham, ìjọba sì gbé òfin kalẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ pé ọlọ́pàá lè ti ẹni tí wọ́n bá fura sí mọ́lé fún ọjọ́ méje. Wọ́n ju ọkùnrin mẹ́fà sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n lo ọdún mẹ́rìndínlógún kí ilé ẹjọ́ tó gbà lọ́dún 1991 pé ẹjọ́ tí wọ́n dá wọn ò dúró. Láàárín àkókò yẹn, ìyá tó wà nínú bọ́ọ̀sì a máa sọ fún ọmọ rẹ̀ kó rẹ ohùn sílẹ̀, kí wọ́n má bàa gbọ́ ahọ́n Áyálándì lẹ́nu wọn.

Ilẹ̀kùn tí àwọn aláìníwèé ṣí

Ibí yìí ni ìtàn wọn ti kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta, mi ò sì rò pé èèyàn púpọ̀ mọ̀.

Láàárín 1980 sí 1990, iṣẹ́ tún wọ́n ní Áyálándì. Ní ọdún kan tó parí ní April 1989, 70,600 ló jáde. Àwọn tó lọ sí New York ò rí físà, torí pé òfin Amẹ́ríkà ti 1965 gbé físà ka orí ẹbí tímọ́tímọ́, àwọn tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tàbí òbí níbẹ̀ láti ìran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ò sì pọ̀. Wọ́n wọlé bí ẹni tó wá ṣèbẹ̀wò, wọn ò padà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ ilé ọtí ní Bronx àti Queens, wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò lè lọ sìnkú òbí wọn nílé torí wọn ò ní lè wọlé padà. Ẹ ò rí i pé àwa náà mọ irú ìgbé ayé yẹn.

Lọ́dún 1987, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní New York láti ja fún àtúnṣe òfin. Wọ́n ní ohun tí aláìníwèé míì ò ní: àwọn ọmọ Áyálándì tó ti di aṣòfin, ọlọ́pàá àgbà àti bíṣọ́ọ̀bù. Brian Donnelly, aṣòfin láti Massachusetts, ti gba físà díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn nínú òfin 1986. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá tètè dé ló ń mú, àwọn ọmọ Áyálándì sì ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà ránṣẹ́. Nígbà tó di 1990, Bruce Morrison láti Connecticut gba 40,000 físà lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú àṣẹ pé kí Áyálándì gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Ó jẹ́ 48,000.

Òfin 1990 yẹn kan náà ló sọ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ètò náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ ò pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òun ni físà lọ́tìrì tí àwọn èèyàn wa ń tò sí káfẹ́ láti ṣe nígbà kan, tí wọ́n ń ya fọ́tò fún, tí wọ́n ń gbààwẹ̀ lé lórí. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ jù, títí iye wọn fi pọ̀ débi tí wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò láti ètò ọdún 2015. Ìjà tí lébìrà àti ọmọ ọ̀dọ̀ aláìníwèé láti Mayo àti Donegal jà ló gbé ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá dé Houston àti Maryland.

Nígbà tí ilẹ̀kùn yí padà

Láàárín 1990 sí 2000, ọrọ̀ ajé Áyálándì gbéra sọ. Mary Robinson tó di ààrẹ lọ́dún 1990 tan iná sójú fèrèsé ilé ààrẹ fún gbogbo ọmọ tó wà lájò, kí wọ́n mọ̀ pé wọn ò gbàgbé wọn. Àwọn kan padà. Láti 1996, àwọn tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwọn tó ń jáde lọ, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn, ọ̀pọ̀ wọn Yorùbá. Ibùdó ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2000 ni wọ́n kó àwọn tó ń tọrọ ààbò sí, níbi tí wọn ò ti gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, àwọn kan sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀.

Ní June 2004, ìjọba ní kí ará ìlú dìbò lórí òfin ìpìlẹ̀: ṣé kí ọmọ tí wọ́n bí lórí ilẹ̀ Áyálándì ṣì máa jẹ́ ọmọ onílẹ̀ bó ti wù kí òbí rẹ̀ jẹ́? Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò pé kí ẹ̀tọ́ yẹn dópin. Àwọn aboyún ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń tọ́ka sí nígbà ìpolongo. Ó dùn mí pé orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ tó bí sí Amẹ́ríkà di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ ìbí wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise yan Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọdán ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó wá tọrọ ààbò lọ́dún 2000, ṣe olórí ìlú, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Áyálándì. Orílẹ̀-èdè kan náà ló ṣe méjèèjì, ẹni tó bá sì ń ṣàlàyé rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì.

Ọrọ̀ yẹn, lórí ilé kíkọ́ àti owó yíyá ni wọ́n gbé e kà. Nígbà tí báńkì wó lọ́dún 2008, ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé kún ìgbèríko, ìjọba sì lọ yá owó lọ́wọ́ Yúróòpù àti IMF ní November 2010. Àwọn ọ̀dọ́ tún dìde. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé ò rí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó jọ mọ́.

Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ wà, ilé ni kò sí. Nígbà ìkànìyàn 2022, àgbàlagbà tó lé ní 520,000 ló ṣì ń gbé nílé òbí wọn. Wọn ò kọ́ ilé tó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2008, háyà sì ti fò lọ sókè. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ọdún 28, tó ń sùn nínú yàrá tó ti ń sùn láti kékeré, kò nílò ìyàn kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Ọsirélíà ń fún ọmọ Áyálándì ní físà ìsinmi-àti-iṣẹ́ títí di ọdún 35, tó bá sì fẹ́ lo ọdún kejì, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọjọ́ 88 lóko tàbí nígbèríko. Oko ló tún kàn báyìí, fún àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí wọn ò rí oko jogún nílé.

Àjò tiwọn rọrùn ju ti àwọn baba ńlá wọn lọ. Wọ́n ń rí ojú ìyá wọn lórí fóònù lójoojúmọ́, wọ́n sì lè dé sílé fún Kérésì. Àmọ́ ìjọba ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn dìbò láti ìta, nítorí náà àwọn tí ọ̀rọ̀ ilé lé jáde ò ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ilé.

Lọ́dún 2024, ilé tí wọ́n kọ́ parí ní Áyálándì lé díẹ̀ ní 30,000. Ìjọba tó wọlé ní January 2025 ṣèlérí 300,000 kí ọdún 2030 tó parí, ìyẹn 50,000 lọ́dún tí a bá pín in dọ́gba. Tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wà ní Dublin bá pè yín pé wọ́n tún ń wọ́de pé ìlú ti kún, nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni iye ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún yẹn.